Ọdún Ń Tóbi, Odi Ń Wó: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Olùṣètò Ọdún Ojúde Ọba

Sí ẹ̀yin àgbà tó ń ṣètò ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde,

Mo kí yín o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin olóyè. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ kékeré láti kó èrò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jọ ní ọjọ́ kẹta Iléyá, kí oníkálukú sì padà sílé láyọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ìkíni mọ síbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ti pẹ́ jù.

Bí Ojúde Ọba ṣe ń gbòòrò sí i lọ́dọọdún ni Eredo ń bà jẹ́ sí i lọ́dọọdún. Eredo ni odi àti yàrà tí àwọn baba ńlá wa fi yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń ṣe onígbọ̀wọ́ ọdún wa, pátákó wọn ń kún ìgboro, hòtẹ́ẹ̀lì ń kún, àwọn oníṣòwò aṣọ òkè àti ìlẹ̀kẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n kí àlejò kan kúrò lójúde Ọba, kó gun ọ̀kadà lọ wo odi tí wọ́n ní ó yí ìlú náà ká. Ní ibi tó pọ̀ jù lójú odi náà, kò ní rí àmì kankan tó máa sọ fún un pé òun ti dé. Igbó ló máa bá níbẹ̀, tàbí ẹni tó ń wa yẹ̀pẹ̀.

Èyí ni mo fẹ́ bá yín sọ, ní kókó kọ̀ọ̀kan.

1. Ohun tí a ní

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló mọ orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ tó jó lójúde Ọba lọ́dún tó kọjá, tí wọn kò sì mọ̀ pé Eredo gùn tó nǹkan bíi 160 kìlómítà. Ilẹ̀ tó yí ká gùn tó nǹkan bíi 40 kìlómítà láti àríwá dé gúúsù, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bíi 35 láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn. Ìjẹ̀bú-Òde wà láàárín. Níbi tó ga jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó nǹkan bíi mítà 20. Ilé alájà mẹ́fà ni ìyẹn.

P. C. Lloyd, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti ọdún 1959. Ní 1999 ni ìròyìn iṣẹ́ Patrick Darling, onímọ̀ ìtàn ilẹ̀ láti Yunifásítì Bournemouth ní Ìlú Ọba, jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Darling fojú bù ú pé yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wà síta nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ Eredo tó mítà kúbíìkì mílíọ̀nù 3.5. Ó pọ̀ ju gbogbo òkúta tí wọ́n fi kọ́ píráńmídì ńlá tó wà ní Giza lọ. Kò sí katapílà nígbà náà o. Ọwọ́ ènìyàn ni.

Lórí ọjọ́ orí rẹ̀, ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò. Àwọn kan ní ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ láìpẹ́ yìí fà á sún mọ́ nǹkan bíi 600 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ará Òkè-Eri ní tiwọn mọ ẹni tó ni ín: Bilikisu Sungbo, obìnrin ọlọ́lá tí kò bímọ, tó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má baà parẹ́. Ojúbọ àti sàréè rẹ̀ wà ní Òkè-Eri títí di òní, mùsùlùmí ń lọ síbẹ̀, kìrìsítẹ́nì ń lọ, oníṣẹ̀ṣe ń lọ. Àwọn kan so ó mọ́ ayaba Ṣébà inú ìwé mímọ́. N kò rò pé ọjọ́ orí odi náà gba ìyẹn láàyè, ṣùgbọ́n n kò ní tìtorí rẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni yòówù kó gbẹ́ ẹ, ọwọ́ wa ló wà báyìí.

Tí ẹ kò bá tíì wọ inú rẹ̀ rí, mo bẹ̀ yín, ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ lọ ní àárọ̀, lẹ́yìn òjò. Bí ẹ bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ara yín á máa tutù. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dúró gbọnrangandan, ó ń dán, èéhù aláwọ̀ ewé ti bò ó, omi sì ń sun díẹ̀díẹ̀ lára yẹ̀pẹ̀ pupa náà bí òógùn. Gbòǹgbò igi ń rọ̀ dirodiro láti òkè. Igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti tòsì ti pàdé lókè orí, oòrùn kì í ráyè wọlé àfi ní fírífírí. Tí ẹ bá pe ẹni tó wà níwájú, ohùn yín kò ní lọ jìnnà. Ọmọ ogun tó bá já sínú rẹ̀ láyé ọjọ́un kò ní mọ ibi tí á gbà jáde. Mo ti rí odi ìlú mìíràn nínú àwòrán, olókùúta, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Kò sí èyí tó wú mi lórí bíi tiwa.

2. Ojúde Ọba àti odi, ọmọ ìyá ni wọ́n

Àwọn kan á ní kí ló kan odi nínú ọ̀rọ̀ Ojúde Ọba. Ó kàn án gan-an.

Ìpàdé ìdúpẹ́ ni Ojúde Ọba jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ní òpin ọ̀rúndún 19. Àwọn mùsùlùmí ìlú ń lọ kí Awùjalẹ̀ lẹ́yìn Iléyá nítorí pé ó gbà wọ́n láàyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Orúkọ Balógun Kúkù kò sì ṣeé yọ kúrò nínú ìtàn náà. Láti ìgbà yẹn ni ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn Balógun ti ń gun ẹṣin wá síwájú ọba, tí wọ́n ń yin ìbọn sókè, tí wọ́n ń fi hàn pé ìdílé jagunjagun làwọn.

Kí ni àwọn jagunjagun yìí ń ṣọ́? Ilẹ̀ tí Eredo yí ká. Ní ọ̀rúndún 19, Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí àjèjì la ilẹ̀ rẹ̀ kọjá bó ṣe wù ú. Oníbodè wà lẹ́nu ọ̀nà, owó ibodè wà, ẹni tó bá sì kó ọjà láti òkè bọ̀ ní láti tà á fún Ìjẹ̀bú kí ó tó dé etí òkun. Ìdí nìyẹn tí ọrọ̀ fi kún ìlú. Ìdí nìyẹn náà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi kó ìbọn Maxim tó ń yìn léraléra wá pàdé wa ní Ìmàgbọn ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892. Lẹ́yìn ogun yẹn ni ọ̀nà Ìjẹ̀bú ṣí fún gbogbo ayé. Nítorí náà, ìdílé Balógun tó ń fi ẹṣin jó lónìí, ìdílé ẹni tó ń ṣọ́ ẹnubodè ni. Tí odi náà bá parẹ́ tán, kí la fẹ́ sọ fún ọmọ tó bá béèrè pé kí ni bàbá ńlá òun jẹ́ Balógun lé lórí?

Awùjalẹ̀ Sikiru Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní 1960 tó sì wàjà ní oṣù Keje ọdún 2025, ló sọ ètò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, jí padà. Ojú gbogbo wa ni Ojúde Ọba ṣe di ohun tí ayé ń wò. Ní 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin yí gbogbo ayé ká. Àwọn tí kò gbọ́ orúkọ Ìjẹ̀bú rí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí a wà. Mélòó nínú wọn la sọ fún pé ìlú tí ẹṣin yẹn ń jó nínú rẹ̀ ní odi tó gùn tó 160 kìlómítà? Ayé ń wo wa, a fi aṣọ hàn wọ́n. Aṣọ dára. A ní ohun tó ju aṣọ lọ.

3. Bí odi ṣe ń kú

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé yín dáadáa, torí àwọn ènìyàn máa ń rò pé ohun tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà púpọ̀ kò lè bà jẹ́ láàárín ọdún díẹ̀. Ó lè bà jẹ́.

Yẹ̀pẹ̀ ni odi wa, kì í ṣe òkúta. Ohun tó dì í mú ni igi àti koríko tó wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ṣán igi orí òkìtì kó lè gbin ẹ̀gẹ́, òun ló ṣí ìlẹ̀kùn fún òjò. Òjò àkọ́kọ́ á fọ ojú rẹ̀, èkejì á gbẹ́ ojú àgbàrá sí i, yẹ̀pẹ̀ á máa ya sínú yàrà. Yàrà á máa kún, òkìtì á máa rẹlẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ilẹ̀ ibẹ̀ á fi tẹ́jú, ẹni tó bá wá ra ilẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé orí odi lòun ń gbé ìpìlẹ̀ lé.

Ti àwọn awayẹ̀pẹ̀ tún burú jù. Yẹ̀pẹ̀ orí òkìtì ti jẹ́ gbígbẹ́ tẹ́lẹ̀, ó rọ̀ ju ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn lọ, ó sì ga sókè tó fi jẹ́ pé tí típà bá lè dúró sábẹ́ rẹ̀, ṣọ́bìrì lásán ti tó. N kò bínú sí ọ̀dọ́ tó ń wa yẹ̀pẹ̀. Oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló ń wá, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ohun tó ń tà ní típà-típà kò ní àfidípò. Àwa tí a mọ̀ tí a dákẹ́ ni mo ń bínú sí. Ojú ibi tí wọ́n gé náà máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹ lè rí ìpele yẹ̀pẹ̀ lórí ara wọn níbẹ̀, bí àwọn tó ń gbẹ́ ẹ ṣe ń dà á, agbọ̀n lórí agbọ̀n. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn, a sì ń fi í rọ́ ẹ̀yìn ilé.

Ọ̀nà títì náà ti la odi yìí kọjá. Mo gbà pé ìlú gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀nà bá ti gé e, a kò rí nǹkan kan tó sọ fún arìnrìn-àjò pé odi ńlá ló ń là kọjá. Ìṣẹ́jú àáyá kan, mọ́tò ti kọjá.

4. Láti 1995

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1995 ni Nàìjíríà fi Eredo Sungbo pẹ̀lú Ìyá Benin, ìyẹn odi àti yàrà ilẹ̀ Benin, sínú ìwé orúkọ àwọn ibi tí a fẹ́ kí UNESCO gbà sínú ogún àgbáyé. Ìwé ìdúródè ni. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Láàárín ìgbà yẹn, Sukur ní Ìpínlẹ̀ Adamawa wọlé ní 1999, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọlé ní 2005. Tiwa ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí UNESCO ń béèrè kì í ṣe àdììtú. Wọ́n fẹ́ mọ ààlà ibi náà gan-an lórí máàpù. Wọ́n fẹ́ kí ilẹ̀ ààbò wà yí i ká. Wọ́n fẹ́ rí òfin tó ń dá a bò, àti ètò bí a ó ṣe máa bójú tó o, ẹni tó máa ṣe é àti ibi tí owó ti máa wá. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ló lè fi ìwé náà ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ìjọba àpapọ̀ tó lè kọ ọ́ láìsí àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ náà. Tí a kò bá ní máàpù tó péye, tí a kò sì ní olùṣọ́, kí la fẹ́ kọ sínú ìwé?

Ẹ wo Kano. Ìlú olódi ni Kano náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, UNESCO gba Durbar Kano, ọdún ẹlẹ́ṣin tiwọn, sínú àkójọ àṣà àwọn ènìyàn ayé. Mo yọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú odi Kano ti wó, ilé ti bo ojú rẹ̀. Òun náà wà nínú ìwé ìdúródè láti 2007. Wọ́n pa ọdún mọ́, odi ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀nà kan náà ni àwa ń tọ̀, ìyàtọ̀ wa ni pé èyí tó pọ̀ nínú odi tiwa ṣì wà nínú igbó, a ṣì lè gbà á là.

5. Ẹ má sọ fún wa pé iṣẹ́ ìjọba ni

Mo mọ̀ pé èsì tó rọrùn jù nìyẹn. Òótọ́ ni pé òfin fún àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lágbára láti dáàbò bo irú ibi báyìí. Òótọ́ tún ni pé apá kan Eredo bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ògùn, apá kan sì bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Èkó, lọ́nà Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n tilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ pe ìlú kan. Níbi tí ìjọba méjì bá ti pàdé, oníkálukú á máa retí ẹnìkejì.

Ṣùgbọ́n ta ni àwọn gómìnà máa ń jókòó tì lójúde Ọba? Ẹ̀yin ni. Ta ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń wá bá pé àwọn fẹ́ kí orúkọ àwọn hàn? Ẹ̀yin náà ni. Kò sí ìgbìmọ̀ mìíràn ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tí etí ìjọba, ti olówó àti ti ọ̀dọ́ sún mọ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí yín nìyẹn, tí n kò fi kọ ọ́ sí Abuja.

6. Ohun tí à ń béèrè

Àkọ́kọ́ ni owó. Kí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo owó onígbọ̀wọ́ ọdún Ojúde Ọba máa lọ sí àpò Eredo, kí ẹ sì máa gbé ìṣirò rẹ̀ síta fún gbogbo ìlú. Onígbọ̀wọ́ tó bá ní òun kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a mọ̀ ọ́n.

Èkejì, kí ẹ pe àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti ìtàn, bí àwọn tó wà ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, kí wọ́n rìn gbogbo odi náà pẹ̀lú àwọn awọnlẹ̀, kí wọ́n fi òpó sàmì sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tó ti parẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti parẹ́. Kí máàpù náà wà níwájú gbogbo ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tún ta odi fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta ló wà lọ́kàn mi jù. Ẹ fún rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kìlómítà kan lára Eredo. Gbọ́baníyì, Bọ́bagbìmọ̀, Bọ́bakẹ́yẹ, Jagunmólú, àti gbogbo àwọn yòókù, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ tirẹ̀, kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó fi owó oṣù sí ọwọ́ ọmọ abúlé tó wà nítòsí láti máa ṣọ́ ọ, kí ó sì gbin igi padà síbi tí wọ́n ti ṣán an. Ọjọ́ Ojúde Ọba, kí olùdarí ètò tó pè wọ́n jáde wá jó, kí ó kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn bí kìlómítà wọn ṣe rí. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. A kì í fẹ́ kí ẹgbẹ́ mìíràn yọ jù wá lọ. Ìdíje tó ń mú wa ran aṣọ olówó iyebíye lè ṣọ́ odi yìí ju ọlọ́pàá lọ.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ọba àti baálẹ̀ tí odi náà gba ilẹ̀ wọn kọjá fòfin de wíwa yẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, kí a sì fi ibòmíràn han àwọn tó ń wà á. Ẹ má kàn lé wọn. Ẹni tí a bá lé láìfún un ní ibi tó máa lọ, òru ló máa padà wá.

Ẹ̀karùn-ún, nígbà tí àwọn gómìnà Ògùn àti Èkó tàbí aṣojú wọn bá tún jókòó síwájú yín, kí ẹ ní kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ kan kalẹ̀ lórí Eredo, kí wọ́n sì jọ béèrè lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ọjọ́ tí ìwé wa máa dé ọ̀dọ̀ UNESCO.

Èyí tó kù kò gba ariwo: kí ọjọ́ kejì Ojúde Ọba di ọjọ́ Eredo. Kí àwọn ọmọ abúlé tó mọ inú yàrà náà bí ẹní mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá wọn máa mú àlejò rìn níbẹ̀, kí owó rẹ̀ jẹ́ tiwọn, kí wọ́n sì yẹra fún ibi tí òkìtì ti ń ya.

Mo ń retí èsì yín ní gbangba, bí mo ṣe kọ tèmi ní gbangba, kí Iléyá tó ń bọ̀ tó dé. Tí gbogbo rẹ̀ kò bá lè ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú máàpù àti kìlómítà ẹgbẹ́, kí ẹ sì dárúkọ ẹnì kan láàárín yín tí ìlú á máa bi léèrè ọ̀rọ̀ Eredo.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ìjẹ̀bú kan